Ife àgbàdo tó hunjọ nínú tíì, tí ilẹ̀ kò sì lè jẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ife kan tó mọ́ gaara bíi dígí. Wọ́n kọ PLA sí ìdí rẹ̀, wọ́n ní àgbàdo ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n tún ní ó máa ń jẹrà. Mo bu tíì gbígbóná sí ọ̀kan, kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi rọ̀, tó sì hunjọ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ri òmíràn mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé. Nígbà tí mo hú u lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ẹrẹ̀ nìkan ni mo fọ̀ kúrò lára rẹ̀, ó ṣì ń dán. Ṣé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni? Ọmọ mi tún sọ pé ohun kan náà ni òun ń lò nínú printer 3D òun. Ibo gan-an ni ike yìí ti wúlò?

Ìdáhùn: Wọn kò lù yín ní jìbìtì, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ fún yín. Ife tó rọ̀ nínú tíì àti èyí tí ilẹ̀ kò rí nǹkan ṣe sí, ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti wá. Ní nǹkan bí 55 sí 60 °C ni PLA ń kúrò ní ohun líle, tó ń di ohun tí ọwọ́ lè tẹ̀. Tíì yín gbóná ju ìyẹn lọ, ife bá rọ̀. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yín kì í gbóná débẹ̀, ife bá jókòó síbẹ̀ bí òkúta. Ẹ fi nọ́ńbà 60 yìí sọ́kàn, torí a ó máa padà sídìí rẹ̀.

PLA ni ìkékúrú polylactic acid. Lactic acid ni ásíìdì tó ń mú kí wàrà kan. Ọdún 1780 ni Carl Wilhelm Scheele, onímọ̀ kẹ́míkà ní Sweden, yọ ọ́ lára wàrà kíkan. Ẹ má wá àgbàdo nínú ife yín o, kò sí níbẹ̀ mọ́. Sítáàṣì inú àgbàdo ni wọ́n yọ, wọ́n fi ẹ́ńsáìmù gé e wẹ́wẹ́ di ṣúgà, wọ́n sì da ṣúgà náà fún bakitéríà. Bí bakitéríà ṣe ń jẹ ṣúgà ló ń tu lactic acid jáde. Ṣúgà ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe irúgbìn tó ti wá. Ilé iṣẹ́ ńlá tó wà ní Blair, ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà, àgbàdo ló ń lò. Èyí tó wà ní Rayong ní Thailand, ìrèké ni. Ẹ̀gẹ́ náà lè ṣe é. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ lórí ìwé, kò sí bí kìlógíráàmù PLA kan ṣe lè jáde lára ṣúgà tó dín ní kìlógíráàmù 1.25, nítorí omi tó ń bọ́ dànù lójú ọ̀nà.

Omi yẹn yẹ ní ohun tá a ń dúró wò díẹ̀. Lactic acid kan ṣoṣo kò lè di ife. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni wọ́n ń so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, níbi tí ojú méjì bá sì ti so ni omi bín-ín-tín ti ń jáde. Bí omi náà ò bá kúrò níbẹ̀, á yíjú padà, á tún já ẹ̀wọ̀n tó ti so. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi so ó ní tààrà. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣe ẹ̀wọ̀n kúkúrú, wọ́n á fi ooru àti èròjà oní-tánganran sọ ọ́ di òrùka kéékèèké tí wọ́n ń pè ní lactide, lactic acid méjì nínú òrùka kan. Wọ́n á sẹ́ òrùka náà títí á fi mọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá ṣí i. Ìgbà yẹn ni yóò so kọ́ra di ẹ̀wọ̀n gígùn láìsí omi tó ń jáde. Wallace Carothers, onímọ̀ kẹ́míkà ará Amẹ́ríkà, ti ṣe PLA ní ilé iṣẹ́ DuPont ní 1932, àmọ́ ohun tó jáde kò lágbára tó ohun tí wọ́n lè lò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ìṣègùn ló kù tó lè ru owó rẹ̀. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ Blair ṣí ní 2002 ló tó di ohun tí èèyàn lè fi mu omi kó sì jù sílẹ̀.

Nítorí náà, ohun méjì péré ló ń bá PLA jà: ooru ń mú un rọ̀, omi ń já a. Bí ọ̀kan bá dá wá, ó lè fara dà á fúngbà pípẹ́. Bí méjèèjì bá pàdé, ó parí nìyẹn. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá ń ṣe pẹ̀lú ike yìí, yálà ó ń tọ́jú rẹ̀ ni o tàbí ó fẹ́ kó jẹrà, ohun méjì yìí ló ń darí.

Ẹ kíyè sí i pé ife yín kò wulẹ̀ rọ̀ lásán, ó hunjọ. Ìyẹn ní ìdí tirẹ̀. Pẹlẹbẹ ni ike náà wà tẹ́lẹ̀, bí abala páálí. Wọ́n mú un gbóná, wọ́n fà á wọnú mọ́ọ̀dù ife, wọ́n sì mú un tutù kíákíá kó tó ráyè padà. Ẹ̀wọ̀n inú rẹ̀ nà tàn-tàn, òtútù ló dè é síbẹ̀. Nígbà tí tíì tú ìdè yẹn, ipò pẹlẹbẹ tó ti wá ló fẹ́ padà sí. Bí ife tó bàjẹ́ yẹn bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ wò ó dáadáa: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibi tí wọ́n ti fà á jù, ló máa hunjọ jù, ètè rẹ̀ tó nípọn kò ní yí padà tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe ṣíbí àti ìdérí ife kọfí mọ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀yìn ìṣòro yìí. Lactic acid ní oríṣi méjì tó jọra bí ọwọ́ ọ̀tún ṣe jọ ọwọ́ òsì. L ni wọ́n ń pe ọ̀kan, D ni wọ́n ń pe èkejì. Bí D bá pọ̀ láàárín L, ẹ̀wọ̀n kò ní lè tò gún régé, ike á mọ́ gaara, á sì rọ̀ ní 60 bíi tiyín. Bó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì L, tí wọ́n po ìyẹ̀fun talc mọ́ ọn, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ nínú mọ́ọ̀dù gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ẹ̀wọ̀n á ráyè tò, ike á dì. CPLA ni wọ́n ń pe èyí. Kò mọ́ gaara mọ́, ó funfun bíi wàrà, ó sì lè fara da ohun tó gbóná tó nǹkan bí 85 °C. Nítorí náà, PLA tí ẹ bá ti lè rí òdìkejì rẹ̀, ohun tútù ni kẹ́ ẹ bù sí i. Èyí tó funfun, tí wọ́n sì kọ CPLA sí lára, ẹ lè fi ro tíì. Ẹ má fi àwọ̀ nìkan mọ̀ ọ́n o, nítorí oríṣiríṣi ike mìíràn náà máa ń funfun.

Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti máa mu kọfí gbígbóná nínú PLA tẹ́lẹ̀ láìmọ̀. Inú ọ̀pọ̀ ife pépà ni wọ́n fi PLA fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́ kí omi má bàa rin pépà. Kọfí náà gbóná ju 60 lọ, PLA inú rẹ̀ sì rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ pépà ló ń gbé ẹrù, ike kàn ń dí ojú pépà ni. Kò ní yọ́, torí ó di 150 °C sókè kí PLA tó yọ́. Rírọ̀ yàtọ̀ sí yíyọ́, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ọ̀pọ̀ èèyàn wà: wọ́n á ka 170 °C lára páálí, wọ́n á rò pé omi híhó kò lè rí nǹkan ṣe sí i. Àpò tíì tó rí bí asẹ́, tó ń dán bíi síliki náà, PLA ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Òwú rẹ̀ ti nà, ó sì ti dì nígbà tí wọ́n ń fà á, kò sí ẹrù tó tẹ̀ ẹ́, nítorí náà omi híhó ń kọjá lára rẹ̀ láìṣe é ní nǹkan.

Ní ti ohun tútù, PLA dára gan-an, mi ò ní fi sábẹ́ ahọ́n sọ ọ́. Ife omi dídì, àwo sàláàdì, abọ́ èso tí wọ́n ti gé: ó mọ́, ó le, kì í gba òórùn sára. Ọ̀rinrin ń gba ara rẹ̀ kọjá ju bó ṣe ń gba ara PET, ike ìgò omi, kọjá lọ. Fún ewébẹ̀ tútù, àǹfààní nìyẹn, torí omi kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́ sínú ìdérí. Fún bísíkíìtì tó yẹ kó máa ró kẹ́kẹ́ lẹ́nu, àbùkù ni, á tètè rọ̀. Ohun mímu tó ń hó kùṣùkùṣù kò yẹ kó pẹ́ nínú ìgò rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí gáàsì inú rẹ̀ ń yọ́ jáde. Àpò rẹ̀ sì máa ń pariwo. Ní 2010, wọ́n gbé àpò ìpápánu SunChips tí wọ́n fi PLA ṣe kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà; ariwo tó ń pa bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án pọ̀ débi pé àwọn oníbàárà fárígá, kí ọdún náà sì tó parí wọ́n ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kúrò lórí àtẹ. Ohun tó ń mú un le náà ló ń mú un pariwo.

Nínú ara èèyàn ni PLA ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́ gidi. Ara wa ń ṣe lactic acid fúnra rẹ̀, ó mọ bó ṣe ń lò ó tán. Okùn tí dókítà fi ń rán ọgbẹ́ inú, èyí tí wọn kì í padà wá tú, lè jẹ́ àdàpọ̀ lactide àti glycolide, òrùka mìíràn tó jọ ọ́. Nínú oríṣi tó gbajúmọ̀ jù, glycolide kó ìdá 90 nínú 100, lactide sì kó 10. Omi ara ń já okùn náà títí á fi wọra tán láàárín oṣù méjì sí méjì ààbọ̀. Síkúrúù tí wọ́n fi kìkì L ṣe fún egungun máa ń pẹ́ ju ọdún méjì lọ. Ẹ wò ó bí ìpò èròjà ṣe ń yí ọjọ́ orí rẹ̀ padà, nínú ara kan náà, ní 37 °C kan náà.

Ọmọ yín sọ òtítọ́. Okùn tó nípọn ní mílímítà 1.75 tó ń wọnú printer rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń yọ́ ike, tó sì ń tò ó ní ìpele-ìpele títí á fi di nǹkan, PLA náà ni, pẹ̀lú àwọ̀ àti èròjà díẹ̀ lára. Ìdí tí àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ fi máa ń lò ó ni pé kì í súnkì púpọ̀ bó bá ń tutù, igun iṣẹ́ kì í ká sókè, òórùn rẹ̀ kò sì le bíi ti ABS, ike mìíràn tí wọ́n ń lò nínú printer. Kí imú printer, ibi tí ike yíyọ́ ń gbà jáde, wà láàárín 190 sí 220 °C, kí pèpéle tó ń tẹ iṣẹ́ lé wà ní 50 sí 60 °C. Ìpele àkọ́kọ́ kò fẹ́ atẹ́gùn rárá, kó lè lẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, kí fáànù máa fẹ́ ní gbogbo agbára rẹ̀.

Ohun tó bá bàjẹ́ níbẹ̀, ẹ wá ooru tàbí omi lọ. Ká mú ti ooru. Bí printer bá wà nínú àpótí tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, ooru pèpéle á kó jọ síbẹ̀, ooru imú náà á máa gun òkè. Okùn á rọ̀ kó tó dé imú, á wú, á há sí ọ̀fun ẹ̀rọ. Jíà tó ń tì í á máa yí lójú kan, á máa họ ọ́ lára. Ẹ ó gbọ́ tá, tá, tá, ẹ ó sì rí ìyẹ̀fun ike lẹ́nu jíà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á fi kún ooru imú, ìyẹn á sì tún dá kún un. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ wò ó bóyá fáànù kékeré tó ń fẹ́ sí ọrùn imú ń yí. Níbẹ̀ ni ẹ̀bi sábà máa ń wà.

Ti omi ò pariwo tó bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Okùn tó ti fa ọ̀rinrin mu máa ń ta pàrà-pàrà bó bá dé imú, nítorí omi inú rẹ̀ ń hó. Okùn tín-ín-rín bíi ti aláǹtakùn á máa so láti ibì kan sí ibòmíràn lára iṣẹ́, ojú iṣẹ́ á rí gbágungbàgun. Nígbà míì, okùn tó wà lórí kẹ̀kẹ́ á kàn dá pẹ́ fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Kí wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń mú okùn gbẹ ní 45 sí 50 °C fún wákàtí 4 sí 6. Kí wọ́n má kọjá 55 o, torí nọ́ńbà wa ń bọ̀: okùn á lẹ̀ mọ́ra lórí kẹ̀kẹ́, gbogbo rẹ̀ á di ìdànù. Bó bá ti gbẹ, àpò tó dé pa àti silica gel, èròjà tó ń fa ọ̀rinrin mu, ni ilé rẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń da PLA sínú mọ́ọ̀dù, wọn kì í yọ́ ọ àyàfi tí omi inú rẹ̀ bá ti wálẹ̀ sí 0.025% tàbí kó dín sí i, nítorí pé ní ooru tó ju 180 lọ, omi bín-ín-tín á já ẹ̀wọ̀n kí wọ́n tó ṣẹ́jú.

Ohun tí wọ́n bá tẹ̀ jáde kò gbọ́dọ̀ wà nínú mọ́tò tí wọ́n páàkì sínú oòrùn, ẹ ti mọ ìdí. Àmọ́ ìwà kan wà tí PLA ní láìsí ooru rárá: bí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́ láìsọ̀, á máa yẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìkọ́ tí ọmọ yín bá tẹ̀ lónìí á gbé báàgì rẹ̀ láìmira. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, á ti tẹrí ba. Nọ́ọ̀tì tó fún mọ́ ọn á tú bí ẹni pé ẹnì kan yí i. Ó le lóòótọ́, ó le ju ọ̀pọ̀ ike lọ, ṣùgbọ́n kì í nà ju nǹkan bí 5% lọ kó tó já, ìdí nìyẹn tó fi ń dá pẹ́ lójijì dípò kó tẹ̀. Àwọn kan máa ń gbé iṣẹ́ tó ti parí sínú ovun ní 80 sí 100 °C fún ìdajì wákàtí sí wákàtí kan kó lè dì bíi CPLA. Ó máa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ iṣẹ́ á súnkì ní gígùn àti ní ìbú, á sì ga sókè díẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun tó gbọ́dọ̀ wọnú ohun mìíràn régé, kí wọ́n rì í sínú iyọ̀ kíkúnná tí wọ́n kì dáadáa yí i ká kí wọ́n tó gbé e sínú ovun, iyọ̀ á dì í mú.

Bí ọmọ yín bá fẹ́ tẹ ife tàbí abọ́ oúnjẹ, ẹ dá a dúró. PLA fúnra rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro. Ohun tí printer tẹ̀ kún fún ojú ihò tóóró láàárín ìpele kan sí èkejì, oúnjẹ á wọ ibẹ̀, a ò sì lè fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ jáde. Àwọ̀ tí wọ́n pò mọ́ okùn lè má jẹ́ ti oúnjẹ, imú printer tí wọ́n fi idẹ ṣe sì lè ní òjé díẹ̀ nínú.

Ẹ jẹ́ ká wá hú ife tẹ́ ẹ rì mọ́lẹ̀. Ìpele méjì ni PLA fi ń jẹrà. Nínú ti àkọ́kọ́, bakitéríà kò tíì dá sí i: omi ló ń wọlé, tó ń já ẹ̀wọ̀n sí kúkúrú. Ẹ̀wọ̀n gígùn tóbi ju ohun tí bakitéríà lè gbé mì lọ. Ó dìgbà tó bá gé sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá kí wọ́n tó lè jẹ ẹ́ di omi àti gáàsì carbon dioxide. Ìpele àkọ́kọ́ yìí ló há. Níwọ̀n ìgbà tí ike bá ṣì le, ẹ̀wọ̀n inú rẹ̀ kì í mira, omi kì í ríbi gbà wọlé dáadáa. Bó bá ti ń sún mọ́ 60, ẹ̀wọ̀n á bẹ̀rẹ̀ sí í mira, ọ̀nà á là fún omi. Nínú ilẹ̀ tó wà ní 20 tàbí 25 °C, ọ̀rọ̀ ọdún ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oṣù. Òkun náà tutù jù.

Ibi tí ife yín ti ń jẹrà lóòótọ́ ni ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ ńlá, níbi tí òkìtì ti máa ń wà ní nǹkan bí 58 °C fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pẹ̀lú omi àti atẹ́gùn. Ìlànà EN 13432 ti Yúróòpù sọ ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, bí wọ́n bá fi asẹ́ tí ojú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 2 jọ̀ ọ́, ohun tó kù lórí asẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ; bákan náà, láàárín oṣù mẹ́fà, ìdá 90 nínú 100 carbon inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti di carbon dioxide. Irú ìdánwò yìí ni ọ̀rọ̀ “ó máa ń jẹrà” máa ń tọ́ka sí lára ife PLA. Kò sọ nǹkan kan nípa ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé.

Bí ẹ bá ní òkìtì ajílẹ̀ nílé, tó sì wù yín láti gbìyànjú, ẹ gé ife náà wẹ́wẹ́ bí èékánná. Kí òkìtì náà tó mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga, torí èyí tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ kì í lè pa ooru mọ́. Kó rin bíi kàn-ìn-kàn-ìn tẹ́ ẹ ti fún omi inú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa dà á rú bí ooru rẹ̀ bá ti ń lọ sílẹ̀. Ẹ ki thermometer bọ àárín rẹ̀. Òkìtì ilé lè kọjá 55 fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni PLA fẹ́, nítorí náà ẹ máa rí i pé wẹ́wẹ́ náà ti funfun, ó ti ń fọ́ bí ìgbá ẹyin, síbẹ̀ ó ṣì wà níbẹ̀. Tèmi ni pé kò tó ohun tí èèyàn ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lé. PLA kò ní nitrogen, kò ní phosphorus, kò ní potassium, carbon, hydrogen àti oxygen ló pé nínú rẹ̀. Bó bá jẹrà tán, kò fi oúnjẹ kankan sílẹ̀ fún irúgbìn. Ìdí kan nìyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ kan fi ń kọ̀ ọ́: ó ń gba àyè wọn, kò sì bù kún ajílẹ̀ wọn.

Ẹ má wá torí ìyẹn jù ú sínú àpótí ìgò omi o. PET ni ìgò omi, ojú lásán kò sì lè fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín òun àti PLA. Kí wọ́n tó yọ́ PET, wọ́n máa ń gbẹ ẹ́ ní nǹkan bí 160 °C. Níbẹ̀, wẹ́wẹ́ PLA tó bá sá wọlé á ti rọ̀ tó ń lẹ̀, á so wẹ́wẹ́ PET mọ́ra di ìṣù, á dí ẹ̀rọ. Èyí tó bá kọjá á sọ ìgò tuntun di aláwọsánmà. Nínú omi, àwọn méjèèjì ló ń rì, torí náà fífi omi yà wọ́n kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán wo ike nìkan ló lè dá wọn mọ̀. PLA tí wọ́n kó jọ lọ́tọ̀, ooru àti omi lè dá a padà sí lactic acid tí wọ́n lè fi ṣe òmíràn, ọ̀nà tó sì bọ́gbọ́n mu jù nìyẹn lójú mi, ṣùgbọ́n ó dìgbà tí ẹnì kan bá kó o jọ.

Bí ẹ bá ní ike kan lọ́wọ́ tẹ́ ẹ ò mọ̀ bóyá PLA ni, ẹ wo ìdí rẹ̀ ná: nọ́ńbà 7 nínú ọfà mẹ́ta ni wọ́n ń fún un, PET jẹ́ 1. Nọ́ńbà 7 nìkan kò tó, torí “àwọn yòókù” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Lẹ́tà PLA lẹ ń wá. Bí kò bá sí lẹ́tà, ẹ gé ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára rẹ̀. Ẹ po omi híhó ife mẹ́ta mọ́ omi tútù ife méjì, á sún mọ́ 65 °C, kẹ́ ẹ sì ti ọ̀já náà bọ̀ ọ́. PLA tó mọ́ gaara á rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ẹ ó lè ká a yí ìka. Bẹ́ ẹ bá fà á jáde, tó tutù, á le síbi tẹ́ ẹ ká a sí. Polystyrene àti polypropylene, oríṣi ike méjì mìíràn, á dúró gbọingbọin. Ẹ má fi omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó nìkan dán an wò, torí PET náà máa ń yẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ orí páálí. “Ara irúgbìn ni wọ́n ti mú un” ń sọ ibi tí ike ti wá. “Ó ń jẹrà” ń sọ ibi tó ń lọ. Ọ̀kan kò dúró fún èkejì. Ilé iṣẹ́ Braskem ní Brazil ti ń fi ìrèké ṣe polyethylene láti 2010. Ìrèké ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n polyethylene ni, kì í jẹrà ju ọ̀rá lásán lọ. PBAT, ike mìíràn, ńkọ́? Inú epo rọ̀bì ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá, ó sì ń jẹrà. Òun ni wọ́n máa ń pò mọ́ PLA kí ọ̀rá tí àwọn àgbẹ̀ ń tẹ́ sórí ebè má bàa dá pẹ́. Èyí tó burú jù ni ike tí wọ́n fi èròjà sí kó lè máa fọ́ sí wẹ́wẹ́ nínú oòrùn, tí wọ́n ń pè ní oxo-degradable. Wẹ́wẹ́ yẹn ṣì jẹ́ ike. Yúróòpù ti fòfin dè é láti oṣù Keje 2021.

Ní ti ife tó kù lọ́wọ́ yín, ẹ máa fi mu ohun tútù. Ẹ fọwọ́ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀, ẹ má gbé e sínú ẹ̀rọ ìfọbọ́ tàbí microwave. Ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí oòrùn kò ti ní bá a, tí kò sì gbóná ju 40 °C lọ, ẹ má to ohun wúwo lé e. Bó bá là tàbí tó ń mú bàìbàì, ó ti tó àkókò. Bí àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ní àdúgbò yín bá ní ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ tó ń gba PLA, ẹ bi wọ́n léèrè kẹ́ ẹ tó kó o fún wọn. Bí wọn ò bá ní, àpótí ìdọ̀tí lásán ni kẹ́ ẹ jù ú sí, kí èyí tẹ́ ẹ hú lẹ́yìn ilé náà bá a lọ.